Àdúgbò Tí Inú Rẹ̀ Dùn Jù

"Ta ló ní inú mi dùn?"

Monínúọlá fọwọ́ gbá tábìlì débi pé ìgò tàdáwà dojú dé sára Akínbọ́lá. Akínbọ́lá, akọ̀wé àti ògbufọ̀ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ní Adó, fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ.

"Ìyá, ẹ rọra! Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́!"

Akínbọ́lá ti dé ojúlé gbogbo nílùú. Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ mọ bí inú oníkálukú ṣe dùn tó, kó lè gbẹ́ kànga kan ṣoṣo tí ìjọba yọ̀ǹda fún àdúgbò tí ìyà ń jẹ jù. Akọ̀wé kó ìdáhùn jọ, ó ṣírò wọn. Àdúgbò Monínúọlá, níbi tí omi odò ti fi sobìà dá àwọn géńdé dùbúlẹ̀, tí Bámidélé ọkọ rẹ̀ kò lè dé oko, tí koríko ti bo iṣu mọ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ní inú wọn dùn jù!

"Mo ní ṣé dáadáa lẹ wà, ẹ ní 'A dúpẹ́.' Ilé kejì, 'A dúpẹ́.' Títí mo fi já sí títì!"

"Ọ̀dẹ̀! Ta ní í rojọ́ fún ẹni tó ń kí i láàárọ̀? Ta ló wá gba kànga?"

"Àwọn ará àdúgbò òkè." Akínbọ́lá ń nu aṣọ. "Wọ́n da omi ìfọṣọ lé mi lórí. Mo kọ ọ́ pé inú ń bí wọn."

"Àwọn tó ní omi tí wọ́n ń dà lé ènìyàn lórí lo fún ní kànga?"

Ó gbá a mú lápá aṣọ, ó wọ́ ọ jáde. Ajẹ́lẹ̀ ń wọ mọ́tò lọ sí Ìjàn láti lọ fọwọ́ sí ìwé kànga náà. Ó rí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ kí i:

"Ṣé dáadáa ni, Ìyá?"

Kí Monínúọlá tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. "A dúpẹ́, sà."

Akínbọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Monínúọlá dìde, ó gbá ara rẹ̀ lẹ́nu, ó bọ́ síwájú mọ́tò. "Irọ́ ni! A ò dúpẹ́ o! Kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ní ulé mi. Omi tí mo ń pọn ló ń pa wá. Bí mọ́tò yìí yóò bá lọ, orí mi ni kó gbà kọjá. Òpònú tó kọ ọ́ pé inú mi dùn ló ń rẹ́rìn-ín yìí!"

Ajẹ́lẹ̀ yíjú sí ògbufọ̀ rẹ̀. "Kí ló wí?"

Gbogbo Adó mọ bí Akínbọ́lá ṣe máa ń bu oyin sọ́rọ̀ kó tó gbé e fún òyìnbó.

"Gbogbo rẹ̀ ni kí o sọ," ni Monínúọlá wí. "Òpònú náà wà níbẹ̀."

Akínbọ́lá nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Kò fo ẹyọ kan. Nígbà tó kan òpònú, ó sọ ọ́, ó sì fi ìka tọ́ka sí àyà ara rẹ̀.