Kílò Ẹgbẹ̀ta

Bó bá jẹ́ pé ẹnu la fi ń wọn ẹṣin, ẹṣin Àbúrò ì bá ti tó erin méjì. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé ẹṣin pé kílò ẹgbẹ̀ta ni, ó sì ń ki í fún gbogbo àlejò: "Àpáta tó ń rìn, ọmọ kílò ẹgbẹ̀ta, bó bá sín, ilẹ̀ a mì."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń fọ ẹṣin náà, tó sì ń kó ìgbẹ́ rẹ̀, kò rí ilẹ̀ tó mì rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin ń bọ̀ wá wò ó, àpáta tó ń rìn kò rìn mọ́. Orúnkún iwájú rẹ̀ wú bí bọ́ọ̀lù. Dókítà ẹranko dé, ó mú oògùn kan jáde tó rí bí ọṣẹ ìfọyín. Ẹnu ẹṣin ni wọ́n ń fún un sí. Ó ń pa ìrora, ó ń mú wíwú wálẹ̀. Kílò ẹṣin ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n rẹ̀.

"Kílò mélòó ni ẹṣin yìí?" ni dókítà bèèrè.

Oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà náà ni, ó dúró, ó ń ka ara ilẹ̀kùn.

"Ẹgbẹ̀ta," ni Àbúrò dáhùn, kò tilẹ̀ mí.

"Ẹ jẹ́ kó dá yín lójú o. Bí oògùn yìí bá pọ̀ jù, yóò dá egbò sí i níkùn, kíndìnrín rẹ̀ á sì bàjẹ́."

Àbúrò wo oògùn, ó wo oníbàárà. Ṣùgbọ́n akọni kì í torí ikùn ẹṣin gba ìtìjú. "Ẹgbẹ̀ta ni, dókítà. Bóyá ó tilẹ̀ lé."

Ẹ̀gbọ́n wo ẹṣin, ẹṣin wo ẹ̀gbọ́n. Olúwa, má jẹ́ kí oríkì pa ẹran yìí. Ó mú téèpù tí wọ́n fi ń mọ ìwúwo ẹṣin lára ìṣó, ó ká a mọ́ ọn láyà.

"Irínwó."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ti ń ṣú," ni Àbúrò wí.

"Ó ṣú lóòótọ́. Wá bá mi kà á, ìwọ tí tìẹ mọ́lẹ̀ bí àtùpà."

Kò wá. Dókítà ló kà á. Irínwó náà ni.

"Kílò igba tó kù ńkọ́?" ni oníbàárà bèèrè.

"Ẹnu olówó rẹ̀ ló wà," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ibẹ̀ ló ti ń jẹ̀."

Oníbàárà rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà, kò sì padà. Dókítà wọn oògùn irínwó. Ẹ̀gbọ́n di ẹnu ẹṣin mú.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹṣin ń jẹko, ó ń gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀ bí ọba. Àbúrò náà gbìyànjú: ó nu ẹgbẹ̀ta kúrò lára ilẹ̀kùn, ó kọ irínwó. Ẹ̀gbọ́n súre fún un tọkàntọkàn, kó tó rí èyí tó rọra kọ sísàlẹ̀: "Kó tó ṣàìsàn, ẹgbẹ̀ta."

Ó rẹ àkísà sínú omi tí ẹṣin mu kù, ó sì nù ún.