Orúnkún Ọmọ Mi Kọ̀, Kò Gba Ẹ̀sùn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìsinmi o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tí ó mọ ohun tí a fi pamọ́, tí ó sì tún ń jí wa láràárọ̀.

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, nígbà tí a ti ilé ìjọsìn dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí. Gbàmílà, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń ṣàìsàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń wú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún àmì pupa, inú sì ń run ún. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé, "Bí kórópọ̀n rẹ̀ bá wú, ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀, kó má baà bàjẹ́." Láàárọ̀ àná, ọmọ náà sọ fún mi pé ibẹ̀ ń dun òun. Èmi olórí akọrin, ẹnu mi kò gbà á láti dárúkọ rẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé orúnkún ni.

Nínú àlá, èmi àti Gbàmílà wọ ọ́fíìsì kan tó léfòó sójú ọ̀run bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Kò yà mí lẹ́nu.

"Kí ló ń ṣe ọmọ?" ni ọ̀gá ibẹ̀ bi mí.

"Orúnkún ni, sà."

Orúnkún Gbàmílà yọjú láti inú ṣòkòtò. Ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá Gbàmílà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Ara mi le."

Mo kí i dáadáa, nítorí ó níwà. Mo ní, "Bóyá ọrùn ẹsẹ̀ ni, sà."

"Kì í ṣe èmi náà," ni ọrùn ẹsẹ̀ wí.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó di òbúkọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, kórópọ̀n tirẹ̀ ń fì dirodiro. "Wò ó, olórí akọrin. Mo ń gbé e kọjá níwájú ilé ìjọsìn yín lójoojúmọ́. Ta ló ti bá mi wí?"

"Kò sí, sà."

"Ẹni tó dá a kò tijú. Ìwọ lo wá ń bá a tijú."

Ọ́fíìsì náà sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ìjọ wa. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ní, "Ibo ló ń dùn ún?" Mo fẹ́ fi orin bò ó, ṣùgbọ́n ìyẹ́ adìyẹ ló ń jáde lẹ́nu mi. Àwọn ìyá ìjọ ń fi sùúrù ṣà á.

Gbàmílà fà mí láṣọ. "Bàbá, ó ti ń le sí i."

Mo jí. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́bàá mi, ó ń fi òróró ra orúnkún ọmọ.

"Orúnkún yìí kò wú, kò gbóná," ni ó wí. "Kí lẹ ní ó ń ṣe é?"

Gbàmílà wò mí, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ nítorí tèmi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Kórópọ̀n rẹ̀ ni," mo ní. "Láti àárọ̀."

Ìyá rẹ̀ nu òróró ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ akọrin mi tó wà lórí àga, ó gbé ọmọ, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ibẹ̀, àwọn yóò tọ́jú rẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, Bàbá," ni ó wí. N kò lè gbé ojú sókè.

Kí Olúwa fún ìwọ tí ò ń kà á ní ẹnu tí yóò ṣí lásìkò. Kí ìtìjú rẹ má ṣe ba ohun tí Ó fi sí ara ọmọ rẹ jẹ́. Àmín.