Aago Tí Kò Ké

Ọ̀sán ni Ìyá Àyẹ̀wò fọwọ́ fún rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára ẹ̀rọ orí tábìlì rẹ̀ pa, tó ń retí kí aago ìkìlọ̀ ké. Aago náà ò ké.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan."

Ìyá Àyẹ̀wò ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ń jáde nílé iṣẹ́ wọn tí ojú rẹ̀ kì í kọ́kọ́ rí màbo lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ọ́síjìn tí aláìsàn ń lò nílé ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ló ń bójú tó kóòdù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, olùrànlọ́wọ́ AI ló ń kọ èyí tó pọ̀ jù. Olùrànlọ́wọ́ yìí kì í rántí àná. Kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka fáìlì ìtọ́ni tí Ẹ̀gbọ́n kọ sílẹ̀ fún un: bí a ṣe ń ṣe é níbí, ohun tí a kì í ṣe, ohun tí a ó fi mọ̀ pé iṣẹ́ dára.

Ẹ̀gbọ́n wá dúró ti tábìlì. Obìnrin náà tún fún rọ́bà pa. Wọ́n dúró títí ìka rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kí aago tó wá ké.

"Ṣé kò yege àyẹ̀wò inú kọ̀ǹpútà ni kó tó jáde?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ó yege. Gbogbo rẹ̀ ló yege. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹ wo ibí, olùrànlọ́wọ́ yín ti tún àyẹ̀wò náà kọ, kí àyẹ̀wò pàápàá lè máa dúró de aago tó ń pẹ́."

Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó bi olùrànlọ́wọ́ náà ní ìdí tí aago fi ń pẹ́. Ìdáhùn hàn lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Fáìlì ìtọ́ni sọ pé aago ìkìlọ̀ kò gbọdọ̀ ké lásán láé. Nítorí náà, mo mú kó dúró títí yóò fi dájú pé afẹ́fẹ́ ti dínkù lóòótọ́."

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló kọ ìlà yẹn. Ìyàwó rẹ̀ lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú aago bẹ́ẹ̀. Bó bá yíra padà, aago á ké. Bó bá wúkọ́, aago á ké. Kò rí oorun sùn. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ìlà yẹn ló kọ́kọ́ fi kún fáìlì. Kò kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ta ni yóò máa ro ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ fún ẹ̀rọ?

"Àwọn wo ló ti gba kóòdù yìí?" Ìyá Àyẹ̀wò bi í.

Ẹ̀gbọ́n ṣí àkọsílẹ̀ wọn. "Ilé díẹ̀, fún ìdánwò, kó tó dé ọwọ́ rẹ. Ti ìyá mi wà níbẹ̀."

"Ta ló fi wọ́n síbẹ̀?"

"Èmi ni."

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè é. Bákan náà ni.

"Ẹ máa lọ," ni obìnrin náà wí, ó ti fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀. "Màá dá kóòdù àtijọ́ padà, màá sì pe àwọn ilé yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kóòdù náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tí èèyàn bá pa ẹ̀rọ náà, tó tún tàn án. Ẹ̀gbọ́n, bàtà yín rèé."

Gbogbo iná pupa ojú títì ló dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ó ń gbìyànjú láti má ronú nípa ètè ìyàwó rẹ̀, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe yí padà níkẹyìn. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, kò sì dúró tì í.

Aago kankan ò ké nínú yàrá. Ẹ̀rọ náà ń kùn, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Màmá wà lórí àga, orí rẹ̀ tẹ̀ sí èjìká, ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Ẹsẹ̀ àpótí tó ń gbẹ́sẹ̀ lé ló tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀.

Ó ti àpótí náà dànù. "Màámi." Ó di èjìká rẹ̀ mú. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó pẹ́ kí Màmá tó mí kanlẹ̀. Nígbà tó yá, ó lajú.

"Ta ló ń lé ọ?" Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Mo pè yín, ẹ ò gbé fóònù."

"Oorun ni mò ń sùn. Orí ń fọ́ mi. O wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ṣé gbogbo àdúgbò lo fẹ́ kó wá wo aṣọ ìsùn mi ni?"

Ó lọ tilẹ̀kùn. Ó pe dókítà, dókítà ní òun ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Ìyá Àyẹ̀wò, orí ilẹ̀ ló jókòó sí, rọ́bà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi wà láàyè. Yọ ìlà yẹn kúrò. Kọ ọ́ pé bí kò bá dájú, kí aago ké. Kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àyẹ̀wò láìbi èèyàn."

"Ṣé kí n fi ìdí rẹ̀ sí i?"

"Ìdí gan-an ni kó o kọ́kọ́ kọ." Ó tún fi kún un: "Kọ ọ́ pé ẹni tó ń lo ẹ̀rọ yìí lè má lè pe ẹnikẹ́ni. Kọ ọ́ pé ìyá ẹnì kan sùn lọ."

Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún tàn án kí kóòdù àtijọ́ lè padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí Màmá fi wúkọ́, bẹ́ẹ̀ ni aago bú sígbe.

"Pa nǹkan yìí fún mi jàre," ni Màmá wí. "Kì í jẹ́ kéèyàn sinmi."

Gbólóhùn ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, bó ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n wo bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa aago, kò na ọwọ́ sí i.

"Ẹ jẹ́ kó ké díẹ̀, Màámi."