Ọ̀gbẹ́ni Eyínmẹ́nugún

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni àwọn sójà fi wá Ọ̀gbẹ́ni Eyínmẹ́nugún káàkiri ìlú Ẹdẹ, wọn ò rí i. Wọ́n tú ìwé àwọn asanwó-orí, wọ́n tú ìwé àwọn tíṣà, wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ Sekona tò sórí ìlà kí wọ́n máa dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Báwo ni yóò ṣe wà? Ṣebí ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá wo ni yóò wo ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí kò tíì hu eyín kan ṣoṣo, tí yóò sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún?

Sàrátù ló kọ orúkọ náà. Ilé tẹlifóònù ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí pátákó ńlá tí okùn pọ̀ lára rẹ̀. Òun àti Comfort, ọmọge kan tó ń lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni wọ́n ń fi okùn so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Gbogbo ẹni tó ní tẹlifóònù ní Ẹdẹ nígbà náà, abẹ́ ìka àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wọn ń gbà kọjá. Ẹni tí kò ní tirẹ̀ a wá dúró lójú fèrèsé, wọn a bá a pe ẹni tó ń wá. Nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba, tí wọ́n ń fi kòbókò kọ́ àgbàlagbà ní ìlà títò, wọ́n pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pe ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ ní orúkọ nínú ìwé. Ẹni tó bá so okùn ni yóò kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Àtàndá, àbúrò ọkọ Sàrátù tó ń ṣe tíṣà ní Alajue, sáré wọlé. Mílíìkì àti ìrẹsì tí ìjọba ní kí wọ́n pín fún ará ìlú, Kápútéènì tó wà nídìí rẹ̀ ń kó o tà fún àwọn ọlọ́jà ńlá ní Sekona, ojú Àtàndá ló sì ṣe. Ó ní kí Sàrátù bá òun pe ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Ìbàdàn. Sàrátù so okùn, ó mú bírò, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ti ń pè láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹni tó bá ti gbé ilé ọkọ rí kò ní bi mí ní ìdí rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ jòjòló tí wọ́n bí lánàá kí ìyàwó tó wọlé. Yóò wo ìrísí onítọ̀hún, yóò fi orúkọ tó wù ú pọ́n ọn lé. Sàdíátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ Sàrátù, Akọ̀wé ló ń pe Àtàndá yìí kan náà. Sàrátù ní tirẹ̀, eyín ló kọ́kọ́ rí. Nígbà tí Àtàndá wo ohun tó kọ sínú ìwé, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ó dára bẹ́ẹ̀ náà. Ta ni yóò mọ̀ mí níbẹ̀?"

Ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, kò dárúkọ ẹni tó sọ ọ́. Inú ará ìlú dùn, orí Kápútéènì gbóná. Òfin tuntun sì ti wà: ẹni tó bá kó ẹ̀tẹ́ bá aláṣẹ, ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n wá gbé ìwé ilé tẹlifóònù lọ, wọ́n rí orúkọ ẹyọ kan tó pe Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ọ̀gbẹ́ni yìí kiri bí ajá ọdẹ. Sàrátù ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ aṣọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ̀rín náà tán. Sójà kan tó jẹ́ Kọ́púrà, tó ń jẹ́ Kẹ́hìndé, ọmọ Ọ̀yọ́, gbé ìwé náà padà wá sí ilé tẹlifóònù.

"Ọ̀gá mi ò gbọ́ Yorùbá," ló wí. "Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé, tí wọ́n fi ìwé yìí hàn mí. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìyàwó mi nílé, Òpéléńgé ló ń pe àbúrò mi." Ó yíjú sí Comfort. "Ṣé o ti lọ́kọ?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa, máa lọ sílé." Comfort kó báàgì rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Kọ́púrà wá fa àga kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ó ku ẹ̀yin, Àǹtí. Ẹni tó pè yẹn, ará ilé ọkọ yín ni. Ta ni?"

Ohun tí Sàrátù rò pé ó bo Àtàndá mọ́lẹ̀ ló wá tọ́ka sí òun fúnra rẹ̀ yìí, láti ara òun ni wọn yóò sì ti fà á yọ.

"Mi ò rántí," ló wí.

"Kò burú. Kápútéènì ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Tí ẹ ò bá tíì rántí, a ó lọ sí agboolé ọkọ yín, a ó ní kí gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ la ẹnu."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba Sàrátù lẹ́rù jù. Ó gbójú sókè wo aago ara ògiri: aago méjì ku díẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí Àtàndá bá ti kírun tán, ibí ló ń gbé alùpùpù rẹ̀ gbà láti gbé e lọ sílé. Okùn gbogbo ìlú ló wà níwájú rẹ̀ yìí, ó lè pe Ìbàdàn, ó lè pe Èkó, ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí kò ní tẹlifóònù. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Ó ń gbàdúrà kí táyà alùpùpù jò.

Táyà kò jò. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ níta, ó sì rí Àtàndá lójú fèrèsé nínú jàlàbíà funfun, tó ń bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹnu rẹ̀ ti ń là láti kí i ní ìyàwó. Kọ́púrà náà ti gbórí sókè.

"Àtàndá!"

Sàrátù fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ohùn òun ni.

"Àtàndá, àbí o ò létí ni? Mo ní kò sẹ́ni tó pè ọ́ láti ibìkankan! Ojoojúmọ́ ni wàá máa wá yọ èèyàn lẹ́nu? Kúrò lójú fèrèsé mi, jàre!"

Ẹnu Àtàndá pa dé. Láti ọjọ́ tí Sàrátù ti wọ agboolé wọn, kò fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí, "ẹ" ló ń lò, ká má tilẹ̀ wá sọ pé kó dárúkọ rẹ̀ ní gbangba ìta. Ìtìjú gba ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ìbínú. Ìgbà náà ló wá rí fìlà sójà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, màdáámù," ló wí, ó sì yí alùpùpù padà sí ọ̀nà Sekona, kì í ṣe ọ̀nà ilé.

Ní òdìkejì títì, Sàdíátù tó ń ta ẹ̀pà níbẹ̀ ká ọwọ́ lérí. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé àtẹ rẹ̀ karí, ó kọrí sílé kíákíá.

"Ta nìyẹn?" Kọ́púrà bi í.

"Tíṣà kan tó ń dà mí láàmú."

Kọ́púrà wo ẹ̀yìn alùpùpù náà, ó sì jókòó padà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó mọ̀ pé ìyàwó kan kò lè pe ará ilé ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kódà bí ìjà bá dé. "Ó ku wákàtí méjì, Àǹtí."

Sàrátù ronú kan àwọn ọkùnrin agboolé tí wọn yóò tò kí wọ́n lanu, àti Ìyá, ìyá ọkọ rẹ̀, tí yóò máa wò wọ́n. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n àwọn sójà yìí, ìka tó bá sún mọ́ wọn ni wọ́n ń gé.

"Èmi ni mo pe Ìbàdàn," ló wí. "Èmi ni mo sọ ti mílíìkì. Mi ò fẹ́ kọ orúkọ ara mi, mo wá fi orúkọ tó wá sí mi lẹ́nu síbẹ̀."

Kọ́púrà wò ó títí. Kò dà bí ẹni tó gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan ni Kápútéènì ní kí ó mú wá, ènìyàn kan sì nìyí. Ó dìde, ó ní kó ti ilẹ̀kùn.

Nínú ọkọ̀ sójà, Sàrátù jókòó sáàárín ìbọn méjì. Kò ro ẹ̀wọ̀n. Sàdíátù ló ń rò, tí yóò ti délé báyìí, tí yóò ti kúnlẹ̀ níwájú Ìyá pé Sàrátù bú Àtàndá lójú títì, ó pè é lórúkọ, ó fi "o" bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ìròyìn ọkọ̀ sójà bá sì wá dé, wọn yóò ní ẹ̀san ló mú un. Ọdún mẹ́sàn-án tó fi ṣe ìyàwó rere ti tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè sọ fún Ìyá pé kì í ṣe àfojúdi, Àtàndá nìkan ni. Sàrátù sì ń fi gbogbo ọkàn bẹ Ọlọ́run pé kí Àtàndá má padà wálé mọ́.