Báàgì Yẹ̀kínnì Wọ Àgò, Kò Jáde

Ìyá Yẹ̀kínnì ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Nígbà tó wá kí ọmọ rẹ̀ ní Douala lọ́dún tó kọjá, orí fóòmù kan tí Yẹ̀kínnì rà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Bassa ló sùn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ó ní láti ìgbà tí òun ti bí àbíkẹ́yìn òun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun ń jí láìdi ògiri mú. Látìgbà tó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí fóòmù tí wọ́n rà fún un tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀kan le bí pákó, èkejì rì bí ẹrẹ̀. Iṣẹ́ Yẹ̀kínnì sì ni fóòmù títà ní Bonabéri. Ẹni tó ń ta fóòmù fún odidi àdúgbò, báwo ni yóò ṣe gbọ́ pé ẹ̀yìn ìyá tó bí i ń ké, kó dákẹ́?

Ó gé fóòmù tuntun ní ìwọ̀n ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, láti èjìká dé ìbàdí, ó ká a bí ẹní, ó kì í sínú báàgì. Ìyàwó rẹ̀, Ṣìkẹ́, tó jẹ́ aránṣọ, jókòó lé e kí ó tó lè fa síìpù pa. Lẹ́yìn náà ni Ṣìkẹ́ mú téèpù, ó wọn báàgì náà lóòró àti níbùú, ó ní kò fi ìka kan ju èyí tí ilé-iṣẹ́ bàálù kọ síwèé lọ. Báàgì náà ò wúwo ju kílò mẹ́rin.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́nsíkìn, ìyẹn ọ̀kadà àwọn ará Douala, gbé Yẹ̀kínnì kọjá afárá Wouri lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, báàgì wà láàárín òun àti ọlọ́kadà. Gbogbo ibi àyẹ̀wò ló gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnu géètì tí wọ́n ti ń wọ bàálù ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Monique dúró níbẹ̀, àgò irin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wọn báàgì. Báàgì tó bá wọ inú rẹ̀ yóò bá ẹni tó ni ín wọkọ̀. Èyí tí kò bá wọ̀, kí ẹni tó ni ín sanwó, kí wọ́n sọ ọ́ sí ikùn bàálù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Yẹ̀kínnì ti kúrò nílé ni fóòmù ti ń mí. Báàgì tí Ṣìkẹ́ wọ̀n ti yọ ikùn bí aboyún oṣù méje.

Monique wo báàgì, ó fi ìka han àgò.

Yẹ̀kínnì da ojú báàgì dé kí síìpù má baà ya, ó tì í, ó kúnlẹ̀ lé e. Ìdajì wọlé, ìdajì kọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, awakọ̀ tírélà tó ń jẹ́ Silas. Ó ní kí Papa sún díẹ̀, ó sì fi gbogbo ara jókòó lé báàgì náà. Afẹ́fẹ́ jáde fììì, báàgì wọlé, ó kanlẹ̀ àgò. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Monique náà rẹ́rìn-ín, ó lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, èyí tó túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ ti gbà á.

"Ó wọ̀, Papa," ni ó wí. "Ẹ gbé e, kí ẹ máa lọ."

Yẹ̀kínnì fà á. Kò mira. Fóòmù ti rí àyè sinmi, ó ti ń wú padà, ó ti yọ láàárín àwọn ọ̀pá irin bí ẹran ara ẹni tó wọ aṣọ fífún. Silas bá a fà á, ọwọ́ báàgì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n dorí àgò kodò, wọ́n gbọ̀n ọ́n títí, báàgì ò jábọ́. Síìpù tí wọn ì bá ṣí wà nísàlẹ̀ pátápátá, irin pẹlẹbẹ ló sì bo ìdí àgò náà. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ ya á. Wọ́n wo ara wọn lójú. Níbi tí wọ́n ti tú bàtà gbogbo wọn wò, ta ni yóò ní ọ̀bẹ?

Monique pe ọ̀gá rẹ̀, Boris, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mú ìwé òfin dání. Boris ò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló sì ba Yẹ̀kínnì lẹ́rù. Ó fi Faransé pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un pé ilé-iṣẹ́ ti gba báàgì yìí, wọn ò lè kọ̀ ọ́ mọ́. Èrò ò sì gbọdọ̀ wọkọ̀ kó fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ ní géètì, nítorí ààbò. Báàgì ò lè kúrò láìsí àgò. Àgò ní tirẹ̀, ohun ìní ilé-iṣẹ́ ni, kò gbọdọ̀ kúrò ní géètì.

"Ṣé kí n wá gbé e wọkọ̀ tàgò-tàgò ni?" Yẹ̀kínnì bi í.

Boris ronú sí i tọkàntọkàn. Ó fi rúlà wọn àgò náà níhà mẹ́ta.

"Rárá, Papa," ni ó wí. "Àgò tóbi ju ìwọ̀n lọ. Kò lè wọ inú àgò."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di iṣu ata yán-an-yàn-an ni pé àgò kan ṣoṣo ló wà, èrò sì pọ̀ lórí ìlà. Monique béèrè bí wọn yóò ṣe máa wọn báàgì tó kù. Boris tún wo ìwé, ó ní báàgì tí wọn ò bá wọ̀n, ẹnikẹ́ni ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó tóbi. Ni wọ́n bá ń kọjá. Obìnrin kan wọ́ àpótí tó ga tó àyà rẹ̀ wọlé. Ọkùnrin kan gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó rà ní ọjà Sandaga, ewé ṣì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọjá ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Yẹ̀kínnì, obìnrin àgbà kan tilẹ̀ dúró ṣàdúrà fún un. Òun tí báàgì tirẹ̀ nìkan pé ìwọ̀n nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló jókòó, àgò wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ìyá rẹ̀ ti fi fóòmù àtijọ́ ta aládùúgbò lọ́rẹ láti àná, ó ní ọmọ òun ń bọ̀.

Kò pẹ́ ni òṣìṣẹ́ kan jáde láti inú bàálù, ó ní ibi ìkẹ́rùsí tó wà lókè orí ti kún dẹ́nu, abẹ́rẹ́ ò lè ráyè níbẹ̀. Ojú Boris là. Òfin wà fún ìyẹn: bí òkè bá kún, báàgì tí wọ́n bá ti gbà, ikùn bàálù ni yóò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àgò ńkọ́? Boris kọ ìwé kan pé ẹrù ilé-iṣẹ́ ni, pé Yẹ̀kínnì ni ilé-iṣẹ́ rán láti sìn ín dé Èkó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Yẹ̀kínnì bọwọ́ lùwé. Nígbà tó dìde láti wọkọ̀, Monique dá a dúró tìtìjú-tìtìjú. Ó ní ẹni tí ilé-iṣẹ́ bá rán níṣẹ́, èrò gbọdọ̀ wọlé tán kó tó wọlé.

Ní Èkó, aṣọ́bodè kan bi í ohun tó wà nínú àgò. Ó ní fóòmù ni. Aṣọ́bodè bi í ohun tí fóòmù ṣe tí wọ́n fi tì í mọ́lé. Yẹ̀kínnì na ìwé Boris sí i. Ọkùnrin náà wò ó láwòtúnwò, ó ní kó máa lọ.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àbúrò rẹ̀, Mùhúdíìnì, tó jẹ́ jórin-jórin, gé ọ̀pá irin méjì, fóòmù sì fò jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni Mùhúdíìnì ti jó àgò padà tó sì kùn ún lọ́dà, àwọn oníṣòwò tó ń gba ọ̀nà Ìkòm sì bá wọn gbé e lọ sí Douala. Boris kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Ó ní àgò dé láyọ̀, ó kàn fi ìka méjì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ni, àwọn èrò ò sì tíì ṣàròyé.

Lọ́jọ́ tí Yẹ̀kínnì dé, ìyá ò tilẹ̀ wo àgò náà. Bí wọ́n ṣe tẹ́ fóòmù sórí bẹ́ẹ̀dì ló ti dùbúlẹ̀ lé e, ó fi ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀. Yẹ̀kínnì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ ohun tójú rẹ̀ rí ní géètì, ó sọ ọ́ dé ibi tí Silas ti jókòó kó tó mọ̀ pé ìyá ti sùn lọ. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásàrí. Nígbà tó rọra fọwọ́ kàn án pé àkókò ìrun ti tó, ìyá ò la ojú.

"Mo gbọ́," ni ó wí. "Jẹ́ n lò ó díẹ̀ sí i."

Yẹ̀kínnì lọ pọn omi àlùwàlá ìyá rẹ̀ sílẹ̀.