Ríìmù Tí Wọ́n Ti Ṣàdúà Sí

Ó wọlé. Wọ́n ṣáà ní ó wọlé. Nọ́ọ̀tù márààrún ló wọ ihò rẹ̀, Àyànbádéjọ tó tà á fún mi sì fọwọ́ gbá ríìmù náà pàá, bí ẹni ń gbá ìdí màlúù tó fẹ́ tà. "Màámi, ó wọlé wẹ́rẹ́! Àfi bíi pé wọ́n bí i mọ́ ọkọ̀ yín." Irọ́ ni. Kí wá ni ìlà yìí ń ṣe léjìká táyà…

Mo lóṣòó lójúde ara mi, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́. Fẹ́ńdà tó bo táyà lórí ti ń jẹ ẹ́. Inú fẹ́ńdà náà ti dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi yanrìn fọ̀. Ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún. Apá òsì — mi ò tíì wò ó. Mi ò fẹ́ wò ó.

Kareemah ń wẹ̀ nínú ilé. Mo ń gbọ́ ìró igbá nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Oyún ọmọ mi ti wọ oṣù kẹsàn-án, dókítà ní kó máa bọ̀ ní Òṣogbo lónìí, kí wọ́n dá a dúró síbẹ̀ títí yóò fi bí. Èmi ni mo máa wa ọkọ̀. Òun, ìyá ọkọ rẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀, wọ́n á jókòó sẹ́yìn, ẹrù á kún búùtù. Ta ló ní kí n máa fọ́nnu lójú àna? "Ẹ má wá mọ́tò kankan. Ọkọ̀ mi ló máa gbé ọmọ mi." Ẹnu mi yìí… ẹnu mi yìí náà ni.

Lánàá, lọ́nà Ilé-Ogbó, òkúta ni mo pe ìró tó ń ha lábẹ́ ọkọ̀. Mo gbé Ìyá Faridah, aládùúgbò mi, àti obìnrin méjì mìíràn sẹ́yìn. A wọ kòtò kan — kẹ̀rẹ̀rẹ̀! Ìyá Faridah ní, "Ìyá Kareemah, kí ló ń jóná?" Mo ní, "Àwọn tó ń sun oko ni." Oko wo? Nínú òjò yìí, tí gbogbo ewé ọ̀nà tutù yọ̀yọ̀? Imú mi kò kú. Mo mọ òórùn rọ́bà.

Àyànbádéjọ ló lẹ́bi. Òun ni… Rárá o. Jẹ́ kí n rò ó dáadáa. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fọwọ́ ara mi tún ọkọ̀ yìí ṣe, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Púlọ́ọ̀gì, búrẹ́kì, mo tú u, mo tò ó. Nígbà tí mo lọ ra ríìmù, mo mú okùn dání, mo wọn ihò sí ihò, ó bá ti àtijọ́ mu géẹ́. Mo wo ihò àárín, ó jókòó lórí ọ́ọ̀bù tí wọ́n ń dè é mọ́, kò mì. Mélòó nínú àwọn ọkùnrin ìlú yìí ló ń wo ihò àárín? Wọ́n á fi nọ́ọ̀tù dè é gbà-ǹ-gbà, wọ́n á ní Ọlọ́run ń ṣọ́ni. Èmi wò ó! Ohun tí mi ò wọ̀n ni bó ṣe yọ síta tó. Ó fi ìbú ìka kan yọ ju irin àtijọ́ lọ. Mo rí i… ó wù mí ni. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ dúró bí akọ màlúù.

Mo sì dán an wò. Mo yí sítíárì dópin lọ́tùn-ún, dópin lósì. Mo wà á dé Kuta, mo wà á bọ̀, kò ró pínkín. Èmi nìkan nínú ọkọ̀.

Èmi nìkan…

Bàbá Adédìpẹ̀ sì bi mí. Mẹkáníìkì àgbà ni wọ́n, wọ́n jókòó sórí táyà, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọn ò tilẹ̀ wojú mi. "Ìyá Kareemah, ṣé o ti gbé èèyàn sí i?" Orí mi gbóná. Mo ní, "Bàbá, èmi tí mo wà á lọ tí mo wà á bọ̀ ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Bàbá kàn fẹ́ èèpo ẹ̀pà dànù lọ́wọ́ wọn. Mo ní wọ́n ń fojú obìnrin wò mí.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Bàbá ń wí. Kí èèyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, kí ọkọ̀ wọlẹ̀, kí n wá wò ó bóyá fẹ́ńdà á sọ̀ kalẹ̀ bá táyà. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ.

Kí n tú u, àbí? Irin àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lẹ́yìn dúróòmù omi, táyà wọn ṣì wà lára wọn. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Kí ló dé tí ọwọ́ mi wúwo báyìí…

Àdúà ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo dín àkàrà, mo fi ṣe sàárà, gbogbo agboolé jẹ níbẹ̀. Ààfáà Sirajudeen wọ́n omi àdúà sórí ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Kí n wá tú u kí ọ̀sẹ̀ tó yí po? Wọ́n á ní àdúà kò gbà. Ìyá Faridah á ní òun ti gbóòórùn rẹ̀. Àna á fi ìbòrí bo ẹnu rín mi…

Kí ni Ààfáà tilẹ̀ wí? Mi ò rántí. Bí omi yẹn ṣe ń dán lára ríìmù ni mò ń wò. Dúró ná… "Ọlọ́run, bí wọ́n bá ṣe jáde, jẹ́ kí wọ́n padà sílé ní odindi." Bẹ́ẹ̀ ni. *Wọ́n*. Kò dárúkọ ríìmù. Kò ní kí irin má kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Àwọn tó máa jókòó nínú rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, èmi ìyá sì ń wo irin tó ń dán.

Kareemah á jókòó sẹ́yìn, lórí táyà yìí gan-an. Fẹ́ńdà á máa bó o díẹ̀díẹ̀ títí dé Òṣogbo, nísàlẹ̀ ọmọ tí kò tíì rójú ayé — èmi á sì máa sọ níwájú pé wọ́n ń sun oko.

Àyànbádéjọ kò parọ́. Ó ní ó wọlé, ó sì wọlé. Èmi ni ẹnìkan bi ní ìbéèrè tó yẹ, mo sì sọ ọ́ di ẹ̀rín.

Ìró igbá ti dákẹ́. Ó ti wẹ̀ tán. Kí àna jókòó ná, kí wọ́n wí tẹnu wọn. Sípánà rèé. Nọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ le, ó le bí orí mi. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́…

Ó yí.

Àmín.