Ọgbà Ìsàlẹ̀ Tí Kò Gbẹ

Ọgbà ìsàlẹ̀ tún ti gbẹ. Raya tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń wo àwọn igi dàbínù kéékèèké tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà bí ewé wọn ṣe ń rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí bó ṣe ta eré náà tí kì í parí síbẹ̀.

Eré ọ̀hún ò ṣòro. Omi ń ti abẹ́ òkè wá nínú fálájì, ojú omi tí àwọn baba ńlá gbẹ́. Aráàlú á kọ́kọ́ pọn èyí tí wọ́n máa mu, mọ́sálásí á gba tirẹ̀, ìyókù á wá kan àwọn ọgbà látòkè dé ìsàlẹ̀, kálukú pẹ̀lú àsìkò tirẹ̀. Ẹni tó ń ta eré á mú ọgbà kan, òun ló máa ṣí ẹnu omi, òun náà ló máa dí i. Bí gbogbo ọgbà bá la ọ̀dá já, ó borí. Ẹnikẹ́ni ò tíì borí, títí kan Raya tó ṣe é.

Ó sì ku ọ̀la kí àwọn ọmọ iléèwé ta á níṣojú ọ̀gá wọn obìnrin. Bí ọ̀gá bá gbà á, Raya á dúró nílé, á máa ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ fún wọn. Bí kò bá gbà á, Khalfan àbúrò bàbá rẹ̀ ti fi àga kan sílẹ̀ dè é ní ọ́fíìsì ní Muscat, olú ìlú. Àga náà rọ̀ o, ṣùgbọ́n kò sí Muhanna ní Muscat. Ìyẹn ni Raya ò tíì sọ fún ẹnì kankan, àti Muhanna pàápàá.

Muhanna wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ọgbà rẹ̀ ló wà lókè ọgbà ilé Raya, ti ilé Raya sì ni omi ń dé kẹ́yìn.

"Wọlé, Tíṣà," ni ìyá Raya wí. "Ṣé ẹsẹ̀ ẹ ló gbé ẹ wá ni, àbí kọfí mi?"

"Kọfí yín ni, Ìyá. Ẹsẹ̀ kàn sìn ín wá ni."

Ìyá jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú ìkòkò kọfí bí aṣọ́bodè. Ó bu fún Muhanna, ó tún bu sí i. Ẹni tó bá ti yó a máa mi ife rẹ̀ kí wọ́n má bu òmíràn. Muhanna ò mi tiẹ̀. Raya sún kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Òórùn tùràrí ara aṣọ rẹ̀ kan ọmọbìnrin náà nímú, ọkàn rẹ̀ sì fò bí ewúrẹ́ tó rí ewé tútù.

"Ọgbà àárín ni tìẹ," ó wí, ó ń díbọ́n bíi pé iṣẹ́ nìkan ló wà lọ́kàn òun. "Má pa igi mi o."

Muhanna bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ọ̀dá dé. Nígbà tí àsìkò omi kan ọgbà àárín, ẹnu omi ọgbà ìsàlẹ̀ ló ń tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí.

"Eré ẹ ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́. Àsìkò tìẹ rèé, ọgbà tìẹ ni kó o bomi sí. Tíṣà ìṣirò tí ò mọ ọgbà ẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Tèmi ṣì lè fara dà á. Ti ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ fún."

"Kò sí bẹ́ẹ̀ nínú òfin omi. Gbogbo àgbà ìlú ni mo bi, kò sẹ́ni tó sọ ọ́."

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ṣebí nígbà tí mo..."

Ó gbé ìyókù mì. Ó tẹjú mọ́ ẹní.

Raya rántí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí bàbá rẹ̀ kú, tí òun àti ìyá ò kúrò nílé ìwòsàn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọ̀dá mú lọ́dún náà, omi ò fẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ wọ́n padà délé, wọ́n bá igi wọn ní tútù yọ̀yọ̀, dàbínù sì so jìngbìnnì lórí wọn. Ọgbà Muhanna ni igi ti kú. Raya alára ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ tó mọ ṣọ́ọ̀kì dì mú ò lè mọ iṣẹ́ ọgbà. Muhanna sì bá a rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ẹni tó fúnni lómi kì í sọ, ẹni tó gbà á kì í béèrè. Àdúrà la fi ń san án. Kí lo rò pé mò ń ṣe lórí ẹní ìrun tí mi ò fi í tètè dìde?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," ni Muhanna wí, etí rẹ̀ ti pọ́n, "ẹ bu kọfí."

Omijé lé ròrò sójú Raya, kì í sì í ṣe ti ìbànújẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì, ó ti fi í kún eré náà: olúkúlùkù lè fi àsìkò omi rẹ̀ ta ẹlòmíì lọ́rẹ, orúkọ ẹni tó fún un ò sì ní hàn.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ ta á há omi mọ́ ara rẹ̀, ìsàlẹ̀ gbẹ, ó fajú ro. Ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e fi tirẹ̀ tọrẹ. Àwọn yòókù ń bi ara wọn pé ta ló fún wọn, òun ń wo àjà. Gbogbo igi là á já. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

"Fi eléyìí sílẹ̀ fún wa," ó wí. "Èyí tó kàn ńkọ́, ìgbà wo la máa rí i?"

Bí àga Muscat ṣe di ti ẹlòmíì nìyẹn.

Raya fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Muhanna, àṣà ò sì gbà á láyè. Nígbà tí àsìkò omi tiwọn kàn, ó rọra gòkè lọ sọ́gbà Muhanna. Ó yọ òkúta àti àkísà tí wọ́n fi dí ẹnu omi, ó jẹ́ kí omi ṣàn lọ sídìí àwọn igi kéékèèké tó gbìn rọ́pò àwọn tó kú. Nígbà tó gbójú sókè, Muhanna ló dúró létí ògiri yẹn. Kò béèrè ohun tó ń ṣe. Ó kàn tún fìlà rẹ̀ dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó tún wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, àti àbúrò bàbá Muhanna tó gbé àwo ńlá halwa dání, ohun dídùn tí wọ́n ń gbé lọ tọrọ ìyàwó.

Ìyá Raya wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Omi téèyàn máa mu ò ní ṣàn kọjá ẹ̀," ó wí, ó sì gbé ìkòkò kọfí. Ó bu, ó bu, ó tún bu. Muhanna ò mi ife rẹ̀.